Ikọ́ Inú Ìdákẹ́jẹ́

Àwo orin kan ló mú mi dé ilé Màmá ní Bódìjà. Ìyàwó mi ló yá a lọ́wọ́ wọn, kò sì rí i dá padà kí ó tó kú. Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn àpótí aṣọ rẹ̀, mo nu eruku ara rẹ̀, mo wọ takisí Máíkírà láti Ṣálẹ́ńjì, mo gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Mo rò pé ẹnu ọ̀nà ni n ó ti padà. Màmá ní kí n wọlé. Àwọn méjì mìíràn ti wà ní pálọ̀, orin sì ń lọ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó kí mi. Wọ́n kàn nawọ́ sí àga kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo jókòó. Ìgbà tí orin parí ni mo tó mọ̀ pé àga ìyàwó mi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ.

Àwa mẹ́rin ni. Màmá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ìmọ̀ nípa ewéko ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n àwo orin ló kún ilé wọn, láti ìdí ògiri títí dé abẹ́ ibùsùn àlejò. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Apòògùn kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ríńgì Róòdù. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹni kẹta ni Ọ̀gá Akọrin, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyàwó mi ti ń kọ áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní piánò ní Agbowó, ó sì ń kọ orin tirẹ̀.

Èmi ni mo ṣe ẹ̀kẹrin. Káfíńtà ni mí kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi ọmọ sí ilé-ìwé nígbà tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Sẹkitéríátì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù ọ́fíìsì sí. Orin tí wọ́n ń gbọ́ nílé Màmá, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń pàdé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá mú orin wá kò gbọdọ̀ sọ ohun tó jẹ́. Màmá a fi aṣọ tábìlì funfun bo ẹ̀rọ orin, nítorí wọ́n ní bí ojú bá ti rí àwòrán ẹ̀yìn àwo, etí ti gbà pé ó dùn nìyẹn. A ó dijú. Bí orin bá parí, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà dí ọmọdé lẹ́nu. Ẹni tó bá sì lanu nígbà tí orin ń lọ, faràńdà ni yóò lọ jókòó sí. Mo ti rí Apòògùn ní faràńdà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, tí yóò máa wò wá láti ojú fèrèsé bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí gbágùúdá.

Apòògùn ló fẹ́ràn àwo tuntun jù. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀kan jáde ní òkè òkun, yóò ti gbọ́. Ó mú ọ̀kan wá nígbà kan, àwọn mẹ́rin tó ń ta fáyólìn ńlá àti kékeré. Orin àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n sáré ta á.

“Kí ni wọ́n ń sá fún?” Màmá bèèrè nígbà tó kàn wọ́n.

“Màmá, bí wọ́n ṣe ń ta á nísinsìnyí nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an, bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.”

“Òun ló sọ fún ọ?”

“Wọ́n ṣe ìwádìí, Màmá.”

“Ìwádìí. Orin tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí ò ń fi ọwọ́ nu ikun. Òjò ló ń lé wọn.”

Ọ̀gá Akọrin ní tirẹ̀ fẹ́ràn orin tí kò jọ orin. Ó mú ọ̀kan wá tí àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Wọ́n rọ omi sínú ìgò náà, kò sí èyí tí omi rẹ̀ bá ti èkejì dọ́gba, gbogbo rẹ̀ wá ń ké bí ẹyẹ ẹ̀bá odò. Màmá farabalẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n ní, “Ó dára. Ta ni yóò wá fọ ìgò?”

Bí ó bá kàn mí, “Ó dára” ni mo máa ń sọ, tàbí “Kò wọ̀ mí lára.” Apòògùn a ní, “Ọkọ Áltò ti dájọ́.” Orúkọ tí àwọn akọrin ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti máa ń dúró de ìyàwó mi lẹ́yìn ìdánrawò. Ó ti kú, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí bọ́ sí àsìkò ọyẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ, ínfátà ló ń gbé ẹ̀rọ. Ọ̀gá Akọrin dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fajú ro. Kò bá Apòògùn ṣàwàdà. Ó fi okùn so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ lábẹ́ aṣọ, ó jókòó, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin.” A dijú.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Dùùrù ló kọ́kọ́ wọlé, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń wọ́ àpótí nílẹ̀ nínú yàrá kejì. Orin tí Ọ̀gá Akọrin kọ fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ orin náà jẹ́ ti ẹni tó jókòó ti aláìsàn, tó ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti ń kọ apá tirẹ̀ nílé ìdáná wa bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà, kí àìsàn tó dá a dúró. Òun ló kọ́ mi pé kí n má máa tẹ̀lé ohùn òkè nìkan. Ó ní áltò dà bí igi àjà: kò sẹ́ni tó ń wò ó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́, òrùlé á wálẹ̀. Nítorí káfíńtà ni mí ló ṣe fi igi àjà ṣe àpẹẹrẹ fún mi.

Ní àárín orin náà, gbogbo wọn dákẹ́. Akọrin dákẹ́, dùùrù dákẹ́. Ọ̀gá Akọrin kọ ìdákẹ́jẹ́ náà síbẹ̀ ni. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun kan ti bàjẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ikọ́ ti jáde. Kúkurú méjì, gígùn kan tí wọ́n fẹ́ gbé mì tí kò ṣeé gbé mì.

Mo di apá àga mú.

Ìyàwó mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pẹ́ tí kò ti kọrin mọ́. Àìsàn rẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Síbẹ̀ ó ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. A jókòó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó lè fara ti ògiri. Ẹ̀rọ tó ń ká ohùn sílẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ irin níwájú wa gan-an. Ó mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ń bọ̀, ó ti gba aṣọ ìnujú mi lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ó fi dí ẹnu. Aṣọ kò ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí orin parí, Ọ̀gá Akọrin kò lè sọ̀rọ̀ nítorí òun ló mú un wá. Èmi ló kàn láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ó dára,” ni mo wí.

Apòògùn ti ń dúró. “Ẹni tó kọ èyí kì í ṣe ọmọdé,” ó wí. “Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe fi ikọ́ síbẹ̀?”

“Ikọ́ wo?” Màmá bèèrè.

“Màmá, ẹ ti sùn. Ní àárín. Wọ́n ti ń kọrin fún aláìsàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ni kò tíì fèsì. Gbogbo wọn wá dákẹ́. Aláìsàn bá wúkọ́. Ó fèsì! Mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ìgò kọrin, mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀kùn kọrin, n kò gbọ́ ti ikọ́ rí. Ẹni tó ṣe é pàápàá mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe ikọ́ òtútù. Mo ń ta oògùn ikọ́, mo mọ ohun tí mò ń sọ.”

Ọ̀gá Akọrin fi ọwọ́ méjèèjì bojú. A rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Bàbá, n kò kọ ikọ́ kankan síbẹ̀. Orin mi ni. Ẹnì kan ló wúkọ́ lókè.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. “Apòògùn,” wọ́n wí, “lọ fún ikọ́ ní ìgò kan, kó máa fọn ún.”

“Ẹ wá wo èmi,” Apòògùn wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. “Mo ti fẹ́ dìde kí n pàtẹ́wọ́ fún ikọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹnu mi ló rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilé rọ̀, Ọ̀gá Akọrin sọ ohun tó gbé e wá. Àwọn kan ní òkè òkun ń kó orin tuntun láti ilẹ̀ Áfíríkà jọ sórí àwo kan. Wọ́n ti gbọ́ tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ṣe, kó yọ ikọ́ náà. Kò sì lè tún orin náà kọ. Àwọn tẹ́nọ̀ méjì ti lọ sí ìlú òyìnbó, ẹni tó mọ sopráánò kọ jù ti wà ní Kánádà, àwọn básì ti fọ́n ká. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì gan-an kò fọhùn mọ́, eku ti jẹ awọ inú rẹ̀. Ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ló kù.

“Mo lè yọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà,” ó wí. “Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní kí etí tí kò mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ.”

“Má yọ ọ́,” Apòògùn wí. “Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni mò ń ṣe báyìí. Ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ti ibojì ni.”

“Ikọ́ ni ikọ́,” Màmá wí. “Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀fun òun kò dára, kí ló gbé e wá sí ibi tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀? Ó yẹ kó jókòó sílé ni. Yọ ọ́, ọmọ mi. O ti ṣiṣẹ́ jù fún ẹnì kan láti wúkọ́ lé e lórí.”

N kò bínú sí wọn. Wọn kò mọ̀. Apòògùn rìnrìn-àjò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orin náà, orúnkún Màmá kò jẹ́ kí wọ́n jáde, Ọ̀gá Akọrin sì kọjú sí dùùrù, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ńkọ́?” Ọ̀gá Akọrin bi mí.

“Jẹ́ kí n rò ó.”

Wọ́n wò mí. N kò sọ irú rẹ̀ rí nínú ilé náà.

“Ọkọ Áltò fẹ́ ronú,” Apòògùn wí. “Ẹ ká ìyẹn náà sílẹ̀.”

Mo padà sí Ṣálẹ́ńjì. Mo se ìrẹsì, n kò jẹ ẹ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni èyí. N kò ní ohùn ìyàwó mi níbì kankan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ránṣẹ́ sí mi wà lórí fóònù kan, wọ́n sì jí fóònù náà lápò mi ní Dùgbẹ̀ kí ọdún ikú rẹ̀ tó yí po. Fídíò ìgbéyàwó wa wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é fi orin bo gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹnu wa ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn orin tí ó bá àwọn akọrin kọ wà, ṣùgbọ́n áltò tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun lọ́tọ̀. Mo ti jókòó tì wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń wá a láàárín wọn bí ẹni ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn tó wọ aṣọ ilé-ìwé kan náà. N kò rí i.

Èyí tó tún burú ni pé n kò rántí bí ó ṣe ń kọrin mọ́. Mo rántí pé ó ń kọrin. Mo rántí ẹ̀wà àti atẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n gbọ́ ohùn náà lórí ibùsùn, ikọ́ ló máa ń dé. Òun nìkan ni etí mi fi pamọ́. Mo ti rò pé orí mi nìkan ló ṣẹ́kù sí. Nísinsìnyí mo ti gbọ́ ọ níta orí mi, lójú ọ̀sán, nínú ilé tí ènìyàn mẹ́ta mìíràn wà. Òun ni ohun kan ṣoṣo láyé tí mo lè nawọ́ sí kí n sọ pé ìyàwó mi nìyẹn. Wọ́n sì fẹ́ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló gbà. Bí mo bá sọ ọ́ fún Ọ̀gá Akọrin, kò ní yọ ọ́ láéláé. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ lọ́jọ́ náà nígbà tí a ń lọ sílé. Ó gbé orí lé gíláàsì ọkọ̀.

“Mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́,” ó wí.

“Kò sẹ́ni tó gbọ́.”

“Ẹ̀rọ gbọ́.”

Nígbà tí a dé Mọ́kọ́lá, ó tún ní, “Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá Akọrin kó yọ ọ́ o.”

Láti ọmọdébìnrin ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí ọ̀fìnkìn bá mú un lásán, yóò jókòó sẹ́yìn, kò ní lanu, kí ó má baà ba ti àwọn yòókù jẹ́. Ojú tì í lórí ikọ́ yẹn ju bó ṣe ń dùn ún lọ. Lẹ́yìn náà àìsàn dé gbogbo ara, a kò sọ̀rọ̀ orin mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó kù ni ohun tí òun kò fẹ́ kó kù. Mo gbé èrò yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì, mo gbé e bọ̀. Mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí a ṣíwọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Agbowó.

Yàrá Ọ̀gá Akọrin wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń dún lábẹ́ ilẹ̀ tí a dúró lé. Piánò wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, àwòrán ẹgbẹ́ akọrin wà lára ògiri. Ó fún mi ní àga. N kò jókòó.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti rò ó?”

“Ìyàwó mi ni.”

Kò yé e.

“Ẹni tó wúkọ́,” mo wí.

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí ìjókòó piánò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ dárí jì mí. A fi ṣẹ̀fẹ̀. Lójú yín.”

“Dìde. O kò mọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ...”

“Àwọn náà kò mọ̀.”

Ó dìde. Kò gbọn aṣọ rẹ̀. “A ò ní yọ ọ́ mọ́,” ó wí. “Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àǹtí ló kì mí láyà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró síwájú akọrin tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. N kò lè fi ọwọ́ ara mi gé wọn kúrò.”

Ohun tí mo wá gbà ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Dídákẹ́ nìkan ló kù, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbójú sókè sí àwòrán ara ògiri. Ìlà kejì ni ìyàwó mi wà, ẹnu rẹ̀ là, ó ń kọrin. Ó wo ọwọ́ ẹni tó ń darí wọn bí ẹni pé bí òun bá ṣẹ́jú, orin á já.

“Yọ ọ́,” mo wí.

“Bọ̀ọ̀dá...”

“Òun ló ní kí o yọ ọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ti sọ ọ́.”

“Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi kì í ṣe akọrin rẹ,” mo wí.

Ó fa àga mi súnmọ́ tirẹ̀. Ó fún mi ní ẹnu íápíìsì kan, ó ki èkejì bọ etí ara rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn dà bí òkè àti àfonífojì. Ibi ìdákẹ́jẹ́ tẹ́jú, àfi òkìtì kéékèèké mẹ́ta láàárín rẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè kí òun lè rí ibi tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó gbé e sókè. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò dákẹ́ mọ́. Mo gbọ́ fáànù ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ ẹnì kan tó yí ara padà lórí àga, mo sì gbọ́ ọ̀kadà lójú títì. Ikọ́ wá dé, ó súnmọ́ mi bíi pé a wà ní yàrá wa. Kúkurú méjì, gígùn kan.

Lẹ́yìn rẹ̀, kí dùùrù tó padà wọlé, ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Pẹ̀lẹ́.”

Ọ̀gá Akọrin dá a dúró. Ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. “Ta nìyẹn?” ó bèèrè.

N kò rántí pé mo sọ ọ́. Ta ló ń rántí pẹ̀lẹ́ tó kí ẹni tó wúkọ́? Mo kí i bó ṣe ń wúkọ́ tó, lórí ibùsùn, nínú ọkọ̀, nínú ọgbà ilé ìwòsàn, títí ó fi sọ lọ́jọ́ kan pé, “Pẹ̀lẹ́ yín ti pọ̀ ju ikọ́ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n wúkọ́.” A jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ti gbàgbé ìyẹn náà.

“Èmi ni,” mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, kò tẹ nǹkan kan. Nísàlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá oníṣọ́ọ̀bù jà lórí pé ìwé wọn kò hàn dáadáa.

“Yọ àwa méjèèjì,” mo wí.

Ó yọ wá. Ó ní bí òun bá gé e lásán, ihò ni yóò kù níbẹ̀, etí yóò sì mọ̀. Nítorí náà ó lọ mú díẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ tó wà níwájú orin, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró. Ó fi dí ojú ibẹ̀. Mo ti dí ojú igi báyẹn rí. A gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ rí.

Èyí tó gé kúrò, ó fi sórí fóònù mi. Ó wà níbẹ̀. N kò tíì ṣí i. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bí mo bá gbọ́ ọ jù, yóò gbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kì í gbó bíi tépù. Nígbà mìíràn ẹ̀rù a máa bà mí pé ikọ́ náà ni n ó mọ̀ títí n ó fi kú, tí n kò sì ní rántí orin kankan.

Mo gbà kí ó sọ fún àwọn yòókù. Apòògùn wá sí Sẹkitéríátì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹrù, ó sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́, ó sọ̀rọ̀ nípa eruku, ó lọ. Láti ìgbà náà “Ọ̀gá” ló ń pè mí. Kò pè mí ní Ọkọ Áltò mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rín ọjọ́ yẹn lọ, ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀?

Màmá ní tiwọn dúró kí a ku àwa méjì. “Mo sọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn,” wọ́n wí.

“Ẹ kò mọ̀, Màmá.”

“N kò mọ̀. Mo ṣáà sọ ọ́.”

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí àwo náà tó dé. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ Màmá fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ. A dijú. Dùùrù wọlé nísàlẹ̀. Àwọn akọrin wọlé, àwọn tó wà ní Kánádà àti àwọn tó wà ní ìlú òyìnbó, gbogbo wọn padà wá sójú kan. Mo wá áltò, mo tẹ̀lé e. Wọ́n dé ibi ìdákẹ́jẹ́. Ó mọ́ tónítóní.

“Pẹ̀lẹ́,” mo wí.

N kò mọ̀ pé n ó sọ ọ́. Kò pariwo, ṣùgbọ́n nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kò ní gbọ́. Mo lajú. Ọ̀gá Akọrin ti dorí kodò. Mo mọ òfin ilé náà, mo sì dìde kí n bọ́ sí faràńdà.

Màmá kò lajú wọn. Wọ́n na ọ̀pá wọn gbọọrọ sí iwájú mi, wọ́n fi dí ọ̀nà.

“Jókòó, Ọkọ Áltò,” Apòògùn wí lábẹ́lẹ̀, òun náà sì ti rú òfin.

Mo jókòó. Dùùrù wọlé.